Ohio State àti Michigan: Ibo Ló Yẹ Kéèyàn Wò Kí Wọ́n Tó Pàdé?

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Ohio State gba Michigan lálejò nílùú Columbus. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti yunifásítì méjì ni wọ́n. Ipò kejì ni Ohio State wà ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́jọ́ náà. Ó ti borí nínú ìdíje 10, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ti nà án. Ní ti Michigan, 6 ló borí, wọ́n nà án ní 5, kò tiẹ̀ sí lára ẹgbẹ́ 25 tí àwọn oníròyìn ń to ipò wọn. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ sọ pé Ohio State yóò fi nǹkan bí àmì 20 borí. Nígbà tí eré parí, Michigan ní 13, Ohio State ní 10.

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán síbẹ̀. Oṣù méjì ò pé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 2025, Ohio State yìí kan náà na Notre Dame ní 34 sí 23, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà. Ta wá ni ọ̀gá nínú wọn? Àwọn tó ní ẹbí ní ìhà ibẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ ariwo yìí ní gbogbo ìparí oṣù Kọkànlá, máa ń sọ pé oríire lásán ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń wò ni kò tọ́. Ipò ẹgbẹ́ àti òkìkí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi wé ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ọkùnrin kan tí ìwọ̀nba èèyàn mọ orúkọ wọn ló máa ń pinnu ìdíje yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí eré náà ṣe rí, nítorí kì í ṣe bọ́ọ̀lù Arsenal àti Chelsea. Bọ́ọ̀lù tó ṣóńṣó ní ìpẹ̀kun méjèèjì ni, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e. Ènìyàn 11 ló ń dojú kọ ènìyàn 11. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ànfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti fi yáàdì 10 sún síwájú. Bí ó bá rí i ṣe, wọ́n á tún fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn. Bí kò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù á di ti ọ̀tá. Bí ó bá gbé e dé òpin pápá, touchdown nìyẹn, àmì 6, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ gbá a fún àmì kan sí i. Bí ó bá rí i pé òun ò ní lè dé òpin, ó lè fi ẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì kọjá fún àmì 3. Òfin tó kù pọ̀ gan-an, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn adájọ́.

Ọ̀nà méjì ni bọ́ọ̀lù ń gbà lọ síwájú. Quarterback, ẹni tí ètò eré wà lọ́wọ́ rẹ̀, lè jù ú fún ẹni tó ti sáré lọ jìnnà, ó sì lè fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́ kí onítọ̀hún gbé e sáré la àárín èrò kọjá. Jíjù ló dùn ún wò. Òun ni tẹlifíṣọ̀n fẹ́ràn, òun ló sì ń sọ ọmọdékùnrin di gbajúmọ̀. Ẹni tó gbé e sáré máa ń rí yáàdì mẹ́ta, mẹ́rin, á ṣubú, wọ́n á dìde, wọ́n á tún un ṣe. Ẹni tí kò bá mọ eré náà á rò pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Níwájú quarterback, ọkùnrin márùn-ún ló ń dúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tó kílò 140. Iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n ti ọ̀tá sẹ́yìn, tàbí kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀tá kọjá. Wọn kì í sábà fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, àfi ẹni àárín tó máa ń fi í ránṣẹ́ sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ eré. Àwọn ọkùnrin tó tóbi tó wọn ló sì dojú kọ wọ́n láti ìhà kejì. Gídígbò gidi ni, ìgbà ọgọ́ta tàbí ọgọ́rin lọ́jọ́ kan. Bí àwọn márùn-ún yìí bá ti ọ̀tá, ọ̀nà á là fún ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá tì wọ́n sẹ́yìn, quarterback tó mọ̀ ọ́n jù ní ayé á máa ju bọ́ọ̀lù kí ojú rẹ̀ tó ríran dáadáa.

Kí ló wá dé tó jẹ́ pé nínú ìdíje ẹgbẹ́ méjì yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ará iwájú le ju ti ibòmíràn lọ? Ó ní ìtàn nínú, ó sì ní ojú ọjọ́ nínú.

Ìjà àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì pẹ́ ju bọ́ọ̀lù lọ. Ní 1835, Ohio àti Michigan kó àwọn ọmọ ogun jọ nítorí ilẹ̀ Toledo, tí oníkálukú ní tòun ni. Ìjọba àpapọ̀ fi Toledo fún Ohio, wọ́n fi ilẹ̀ ńlá kan ní àríwá rẹ Michigan lẹ́kún, Michigan sì di ìpínlẹ̀ ní 1837. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn ààlà yìí lọ́dọọdún. Èmi ò rò pé ó kan ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá. Kò sí ọmọ ọdún 19 tí Toledo ń dùn lónìí. Ìdíje àkọ́kọ́ wáyé ní Ann Arbor, ìlú tí yunifásítì Michigan wà, ní 1897, Michigan sì fi 34 sí 0 borí. Láti 1918 ni wọ́n ti ń pàdé lọ́dọọdún, àfi 2020 tí kòrónà dá a dúró.

Ohun tó kan pápá ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì. Woody Hayes ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Ohio State láti 1951 di 1978. Kì í fẹ́ pe orúkọ Michigan. "Ẹgbẹ́ tó wà ní àríwá lọ́hùn-ún" ló máa ń pè é. Sísáré ni tirẹ̀, kò nífẹ̀ẹ́ sí kéèyàn máa ju bọ́ọ̀lù kiri. Ní 1969, Michigan gba akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, Bo Schembechler. Ta ni Schembechler? Ọmọ iṣẹ́ Hayes ni. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti ṣe igbákejì rẹ̀ ní Ohio State, nítorí náà kò sí àṣírí ọ̀gá tí ọmọ iṣẹ́ ò mọ̀. Lọ́dún yẹn, Ohio State ti borí nínú ìdíje 22 léraléra, òun ló sì gba ife ọdún tó ṣáájú. Michigan nà án ní 24 sí 12.

Bí ọdún mẹ́wàá ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Hayes, Schembechler ti borí lẹ́ẹ̀marùn-ún, Hayes lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì gbá ọ̀mì lẹ́ẹ̀kan, 10 sí 10, ní 1973. Ọ̀mì yẹn gan-an dá wàhálà sílẹ̀, torí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo láti inú líìgì wọn ló lè lọ sí Rose Bowl, ìdíje ńlá tó ń kẹ́yìn ọdún eré, nígbà náà. Àwọn olórí eré ìdárayá ní àwọn yunifásítì tí wọ́n jọ wà nínú líìgì Big Ten ló dìbò, wọ́n sì mú Ohio State. Títí Schembechler fi kú ní 2006 ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún. Ní ọjọ́ kejì ikú rẹ̀ ni Ohio State tó wà ní ipò kìíní pàdé Michigan tó wà ní ipò kejì, tí Ohio State fi 42 sí 39 borí.

Àwọn méjèèjì yìí gbà pé ẹgbẹ́ tí ará iwájú rẹ̀ bá lágbára ni yóò borí, wọ́n sì kọ́ gbogbo ìran tó tẹ̀ lé wọn bẹ́ẹ̀. Ojú ọjọ́ náà sì wà lẹ́yìn wọn. Ìparí oṣù Kọkànlá ni ìdíje yìí, nígbà tí òtútù ti mú ní ìhà ibẹ̀. Ní 1950, yìnyín bò pápá ní Columbus débi pé ìlà ò hàn mọ́. Michigan ò fi yáàdì 10 sún síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní gbogbo ọjọ́ náà. Ìgbà 24 ló fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù dà nù fún ọ̀tá. Síbẹ̀ ó borí, 9 sí 3, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń já wọ àárín Ohio State, tí wọ́n ń fi ara dí bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbá a. Kì í ṣe gbogbo ọdún ló ń rí báyìí, àmọ́ bí ọwọ́ bá ti gan, bọ́ọ̀lù jíjù máa ń ṣòro.

Ẹ wá wo ọdún mẹ́rin tí Michigan borí léraléra. Ní 2021, Michigan fi sísáré gba yáàdì 297, Ohio State 64. Ó borí 42 sí 27. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 252 sí 143, ó borí 45 sí 23. Ní 2023, 156 sí 107, ó borí 30 sí 24. Ní 2024, 172 sí 77, 13 sí 10 tí a ti sọ. Ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni tó sáré jù ló borí. Àwọn tó ń tẹ̀ lé ìdíje yìí ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò: sọ yáàdì sísáré nìkan fún wọn, wọ́n á sọ ẹni tó borí fún ọ.

Ẹ ṣọ́ra díẹ̀ níbẹ̀ o. Ẹgbẹ́ tó ti ń borí máa ń sáré ju ẹgbẹ́ tó ń fidí rẹmi lọ, torí ó fẹ́ kí àkókò lọ. Nítorí náà nígbà míì, bíborí ló bí sísáré, kì í ṣe sísáré ló bí bíborí. Ọdún 2022 fi hàn. Ọ̀nà tí Michigan kọ́kọ́ gbà borí lọ́dún yẹn ni kí quarterback rẹ̀, J.J. McCarthy, ju bọ́ọ̀lù jíjìn méjì fún Cornelius Johnson, yáàdì 69 àti 75, touchdown méjèèjì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí ni Donovan Edwards sáré lẹ́ẹ̀mejì, yáàdì 75 àti 85. Yọ méjì yẹn kúrò nínú 252, 92 péré ló kù. Ẹni tó bá kan ka nọ́ńbà lásán á ní Michigan fi agbára sísáré pa wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé Ohio State ń bẹ̀rù sísáré Michigan débi pé ó kó èèyàn wá síwájú, ẹ̀yìn sì ṣófo fún jíjù. Àwọn ará iwájú ṣì ni ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ò fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ẹni àárín Michigan lọ́dún 2022 yẹn ni Olusegun Oluwatimi. Orúkọ rẹ̀ ò nílò àlàyé fún wa. Yunifásítì Virginia ló ti wá, ọdún kan péré ló sì lò ní Michigan. Ní ọdún kan yẹn, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Rimington, tí wọ́n máa ń fún ẹni àárín tó dára jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, ó sì gba Outland, tí wọ́n ń fún ọkùnrin tó dára jù láàárín àwọn tó ń jà níwájú. Seattle Seahawks mú un lọ sí NFL, líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe, ní 2023. Ká ní inú líìgì England ló ti ń gbá góòlù wọlé ni, à bá ti kọrin fún un láti Ìbàdàn dé Ìkẹjà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kò jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ náà gan-an sì ni ọ̀rọ̀ mi.

Pẹ̀lú ohun tí a ti sọ yìí, ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2024 ò yẹ kó rú yín lójú mọ́. Ohio State ní Will Howard gẹ́gẹ́ bíi quarterback, ó ní Jeremiah Smith, ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí kò ní ni ará iwájú tó pé. Josh Simmons, tó ń ṣọ́ apá òsì, ti farapa nígbà ìdíje pẹ̀lú Oregon ní oṣù Kẹwàá. Seth McLaughlin, ẹni àárín, farapa níbi ìmúrasílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá yẹn gan-an. McLaughlin yìí ló padà gba Rimington lọ́dún náà, àmì-ẹ̀yẹ kan náà tí Oluwatimi gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí Michigan dé, kò lè bọ́ sórí pápá. Àwọn tí àwọn tó kù níwájú sì dojú kọ ni Mason Graham àti Kenneth Grant ti Michigan. Nígbà tí NFL yan àwọn ọmọ tuntun ní 2025, ipò 5 ni wọ́n ti mú Graham, ipò 13 ni wọ́n ti mú Grant.

Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ á ní kí Ohio State yẹra fún àárín, kí ó máa ju bọ́ọ̀lù sí etí pápá fún Smith. Àárín gan-an ni wọ́n ń lọ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi hàn pé àwọn náà lágbára. Ìgbà 26 ni wọ́n sáré, yáàdì 77 ni wọ́n rí. Mo gbà pé ìgbéraga ni. Fún ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń bú wọn pé wọn ò ní agbára, wọ́n sì fẹ́ fún àwọn èèyàn ní èsì lọ́jọ́ tí kò yẹ.

Michigan náà ò dára lọ títí. Yáàdì 62 péré ni quarterback rẹ̀, Davis Warren, rí nínú jíjù, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀tá sì gba bọ́ọ̀lù rẹ̀ lókè. Wọ́n gba ti Howard náà lẹ́ẹ̀mejì, Ohio State sì tún gbá bọ́ọ̀lù àmì 3 méjì tí kò wọ àárín òpó. Síbẹ̀, Kalel Mullings ti Michigan ń sáré. Ìgbà 32, yáàdì 116. Nígbà tí eré ń lọ sí òpin, tí wọ́n jọ ní 10 sí 10, ó jágbà wọ àárín gba yáàdì 27. Ní ìgbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 45, Dominic Zvada gbá àmì 3 tó parí rẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni báwo ni ẹgbẹ́ yìí ṣe wá gba ife. Títí di ọdún tó ṣáájú, ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ló ń wọ ìdíje àṣekágbá, ìyà Michigan sì ti yọ Ohio State kúrò ní 2021 àti 2023. Ní 2024 ni wọ́n sọ ọ́ di 12, nítorí náà ẹni tí wọ́n nà ṣì rí àyè. Ohio State kó gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ dání, ó jáwọ́ nínú orí-kunkun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ó na Tennessee. Ó pàdé Oregon, tó fi àmì kan ṣoṣo nà án ní oṣù Kẹwàá, ó sì ti jẹ ẹ́ ní 34 sí 0 kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí. Lẹ́yìn náà Texas, lẹ́yìn náà Notre Dame. Kò sí èyí tó ní Graham àti Grant lójúkan náà nínú wọn. Òun náà ni ẹgbẹ́ tó dára jù lọ́dún yẹn; Michigan ni ẹgbẹ́ tí kò bá a lára mu. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ pa pọ̀.

Ipò tí àwọn oníròyìn ń to wọn sí ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti oṣù Kẹjọ, kò sọ bí ẹgbẹ́ kan ṣe bá èkejì mu. Ẹni tó ti ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù rí mọ handicap. Àmì 20 tí wọ́n fún Michigan lọ́jọ́ náà jẹ́ ibi tí oníṣòwò rò pé owó á ti wọlé láti ìhà méjèèjì, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ babaláwo. Ní ti owó, láti 2021 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti lè máa gba owó lórí orúkọ wọn, olórí eré ìdárayá Ohio State sì sọ ní 2024 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là ni owó àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn. Owó yẹn mú Howard wá láti Kansas State, ó sì wúlò. Kò ra ẹsẹ̀ tuntun fún ẹni àárín ní ọ̀sẹ̀ ìdíje. Pápá ilé náà ò tó nǹkan tí mo lè gbára lé: Ohio Stadium gba èèyàn 102,780, Michigan Stadium gba 107,601, síbẹ̀ ilé Ohio State ni Michigan ti borí ní 2022 àti 2024.

Ẹ má sì fi ti ọdún tó kọjá pinnu, torí akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Wọ́n ń parí ẹ̀kọ́, wọ́n ń lọ NFL, wọ́n ń ṣí lọ sí yunifásítì mìíràn. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Ann Arbor ní 2025, Graham àti Grant ti lọ. Ohio State fi 27 sí 9 borí, Michigan ò rí touchdown kankan, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá láàárín òpó ló fi rí gbogbo àmì rẹ̀. Ohio State ló sì sáré jù.

Ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣeé pín sí méjì, Columbus ni wọ́n ti ń pàdé. Èyí tí kò bá ṣeé pín, Ann Arbor ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn, ẹ kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn tó farapa ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹ wá ẹni àárín àti ẹni tó ń ṣọ́ apá òsì nínú rẹ̀ kí ẹ tó wá quarterback. Ẹ wo bóyá yìnyín ń bọ̀. Nígbà tí eré bá wá bẹ̀rẹ̀, ẹ mójú kúrò lára bọ́ọ̀lù fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wo ìlà tí àwọn méjèèjì ti forí gbárí, bóyá wọ́n ń rìn síwájú ni àbí sẹ́yìn. Kí ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ tó parí, ẹ̀yin náà á ti lè dá àwọn tó ń pariwo ipò lóhùn.